Àwo Tánganran tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Mi Fọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, n ò tíì kọ nǹkan kan sí yín. Ìwé díẹ̀ tí ẹ rán mi lọ náà ni mo fi ń fa èyí. Ọkọ mi ti lọ sí ìlú Tchaada, ó lọ bá wọn mọlé. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fún adìẹ lómi. Ohun tó fi ń fún wọn lómi gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Àwo yín tí ẹ ní kí n gbé wá sílé ọkọ ni. Àwo tánganran aláwọ̀ ewé tí bàbá ará Kòríà tí ẹ bá tọ́jú ọgbà ní Kútọnu fún yín nígbà tó ń padà sílé, tó ní ó ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá òun. Ìdí rẹ̀ ló kù, òun ni adìẹ ń mu omi nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó dùn yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n fi aṣọ bò mí lójú títí dé ẹnu ọ̀nà wọn ní Banigbé, wọ́n sì fọ ẹsẹ̀ mi. Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn omi, igbá ló kù, kí ìyàwó tẹ̀ ẹ́ fọ́, kí wọ́n ka àfọ́kù rẹ̀, kí wọ́n lè mọ iye ọmọ tó máa bí. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń rẹ́rìn-ín: "Mọ́mọ́, igbá dà?"

Ìyá ọkọ mi ní: "Igbá kẹ̀? Ìyàwó gbé tiẹ̀ wá látilé. Ẹ wo orí ẹrù rẹ̀, èyí tó fi láwàní bàbá rẹ̀ wé."

Mo gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó tutù. Igbá kì í tutù bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e kúrò.

"Tẹ̀ ẹ́ jàre! Àbí o ò fẹ́ bímọ fún wa?"

Gbogbo obìnrin agboolé bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ̀ pé ó ti sán tẹ́lẹ̀, kò janpata.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ ìdána? Òùngbẹ ń gbẹ ìyá ọkọ mi, ó sì tọ́ka sí àwo yẹn. Ẹ ní rárá, omi ìṣínu yín nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹ bu omi fún un nínú kọ́ọ̀pù rọ́bà, lójú àwọn àna. Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kó mu ún, Bàbá? Omi lásán. Ẹ̀yin ò sí níbí, ara mi ló ti wá gbẹ̀san rẹ̀.

Ọkọ mi ò sí nílé nígbà tí wọ́n ṣe é, bí àṣà ṣe wí. Nígbà tó dé, ó ní kí n má sunkún. Lọ́jọ́ ọjà Ifangni, ó ra abọ́ rọ́bà olódòdó fún mi, inú rẹ̀ ń dùn. Èèyàn dáadáa ni. Oṣù kan ò pé tí òdòdó náà fi bá ọṣẹ lọ.

Ti àwo yín ò lè bá ọṣẹ lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ máa ń di ìka mi mú, ẹ ó fà á lórí òdòdó funfun ara rẹ̀, pé kí n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. N kì í mọ̀ ọ́n. Ẹ ní wọn ò fi ọ̀dà kùn ún, wọ́n gbẹ́ ara àwo náà ni, wọ́n fi amọ̀ funfun dí i kí wọ́n tó sun ún. Àwọn ará ilé wa ní Lagbé ń pè yín ní Bàbá Tánganran, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Mo rí i lójú ibi tó ti fọ́. Funfun yẹn wọ inú ara rẹ̀.

Mẹ́sàn-án ni ìyá ọkọ mi ka àfọ́kù náà. Láti ìgbà yẹn, bí oṣù bá ti parí, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná: "Ìyàwó, mẹ́sàn-án ni mo kà o. Èyí àkọ́kọ́ dà?" Oṣù márùn-ún rèé.

Àmọ́ n ò tíì rí nǹkan oṣù mi lóṣù yìí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí mo mọ ohun tí ìyá ọkọ mi máa sọ lọ́jọ́ ìkómọ: pé àwo tí òun ní kí n fọ́ ló mú ọmọ wá. Màá kúnlẹ̀, màá ní ẹ ṣeun, Mọ́mọ́.

Ṣùgbọ́n kò kà á pé. Ọ̀kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nígbà tí wọ́n ń ṣa àfọ́kù, mo sì tẹ̀ mọ́ ọn. Ó gé mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rí ẹ̀jẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ ìyàwó wa mà rọ̀ bí ẹ̀kọ o!" N ò gbé ẹsẹ̀ títí wọ́n fi kà á tán. Àfọ́kù náà wà nínú láwàní yín, nísàlẹ̀ àpótí mi, òdòdó kan odindi lára rẹ̀.

Kí wọ́n máa mú mẹ́sàn-án wọn lọ. Bí ọmọ yìí bá dúró, ìkẹwàá tí wọn ò kà ni. Bí ìka rẹ̀ bá ti gbó díẹ̀, màá dì í mú, màá fà á lórí òdòdó yẹn, màá ní kó sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ fún mi.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò lè sọ̀rọ̀ lójú èèyàn, tó fẹ́ràn yín títí dòní.