Ẹ Má Sun Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Rábì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Mo kí Ìyá mi tòun ti ọwọ́ aró wọn. Mo kí àbúrò yín àti Ìyá Kúdí, ìyàwó wọn. Mo kí Rábì, àbúrò mi, tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí lọ́wọ́lọ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn. Rábì, má fo ìlà kankan o, ì báà tì ọ́ lójú.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò inú bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, òtútù ibí kò tíì mọ́ mi lára. Àwọn tá a jọ ń gbélé kì í kíni láàárọ̀. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí ẹni bá sọ Yorùbá. Ìwé ìtàn kan tí ọmọdé gbàgbé sórí àga bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ mú mi gbàgbé ìyẹn. Ìtàn ọmọ mẹ́rin kan ni, tí wọ́n ń wá ẹni tó jí aago ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àgbà ọkùnrin, mo ń kà á lọ sílé, bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ilé. Látìgbà náà ni mo ti ń ra irú rẹ̀ ní tọ́rọ́ tọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, tí mo ń fi í ránṣẹ́ sí Rábì.

Lẹ́tà yín dé. Ẹ ní kí n má fi ìwé olè ránṣẹ́ mọ́. Ẹ ní ẹ ti kó méjèèje sínú àpótí, ẹ sì ti tì í, pé bí n kò bá rí ọ̀rọ̀ gidi sọ, ẹ ó fi wọ́n dáná. Ohun tó dùn mí jù, Bàbá, ni pé Rábì náà lẹ ní kó bá yín kọ lẹ́tà ọ̀hún. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ pé òun ti bàjẹ́. Kò sì yọ ohunkóhun kúrò, nítorí gbogbo èébú yín ló pé síbẹ̀.

Ẹ ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ń bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí n tún ẹjọ́ náà rò bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ìyá mi fi ẹ̀kọ láfún ya àdìrẹ márùn-ún, wọ́n sá wọn sẹ́yìnkùlé kí wọ́n tó rẹ wọ́n sínú aró. Ọ̀kan pòórá. Ìyá Kúdí nìkan ló wà nílé. Kò sẹ́ni tó pè é lólè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé e karí, ó fẹ́ lọ wọkọ̀ ní Old Garage, kó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun.

Ìgbà náà ni Rábì bi Ìyá mi, lójú gbogbo agbolé, bóyá wọ́n fi álọ́ọ̀mù sínú ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya aṣọ tó sọnù. Ọwọ́ yín ti gbéra láti gbá a létí. Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n rán lọ ra álọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà, nígbà tí èyí tó wà nílé tán lórí aṣọ kẹrin, tí kò rí rà. Álọ́ọ̀mù ló ń mú ẹ̀kọ aláró korò. Aṣọ mẹ́rin korò, ìkarùn-ún dùn. Ta ló ń lá ẹ̀kọ lára aṣọ nílé wa? Ó tọ ẹ̀rúnrún ẹ̀kọ gbígbẹ lọ sẹ́yìn ògiri tó wó, ó sì fa aṣọ jáde lábẹ́ àgbò tí ẹ̀yin fúnra yín ń sìn de Iléyá, tó já okùn. Àgbò ti lá a mọ́ tónítóní. Ìyá Kúdí sọ ẹrù kalẹ̀.

Bàbá, inú mi dùn débi pé mo ka ibẹ̀ sókè nínú bọ́ọ̀sì, àwọn òyìnbó ń wò mí. Àbúrò tèmi! Mo gbà pé ó yẹ kó kúnlẹ̀ kó tó béèrè. Rábì, o gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹrù ti wà lórí obìnrin náà, Bàbá, ìgbà wo ni ẹ fẹ́ kó béèrè?

Ohun tí àwọn ìwé yẹn ń kọ́ ọmọ nìyẹn, kì í ṣe olè jíjà. Kò ní pẹ́ rárá tí àwọn àgbà inú wọn á ti dájọ́ tán. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní kó lọ sùn ló ń wo ilẹ̀, tí wọ́n ń wo bàtà, tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló dé. Ọmọ ọdún méjìlá tó bá rí i pé ojú òun lè rí ohun tí ojú àgbà fò, kò ní fẹ́ gbé ìwé náà sílẹ̀. Ẹ̀rù á máa bà á, á sì máa ṣí ewé tó kàn.

Ìyá mi, ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn. Bàbá mi nìkan kọ́ ló ń ti ìwé ọmọ mọ́nú àpótí, láti Òṣogbo títí dé Iléṣà, mo sì fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, Bàbá. Kí ẹ tó ṣáná, ẹ mú ọ̀kan jáde, kí Rábì máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Tó bá dé ibi tí ẹsẹ̀ ti dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó pa ìwé dé, kó dìde, kó lọ fọ abọ́. Bí ẹ kò bá pè é padà láti bi í pé ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ sun méjèèje. N kò ní bínú.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà nílé.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí èsì,
Múfútáù