Sìgá Orí Sàréè Bàbá Rẹ

Moniya, Akínyẹlé,
Ìbàdàn.
Oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Adémidé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí Gbọ́njúbọ́lá ìyàwó rẹ. Ara mi le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò. Ǹ bá fẹ́ gbà pé ara tìrẹ náà le, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ ti sọ fún mi pé o tún ti ń wúkọ́ lówùúrọ̀. N kò ní díbọ́n pé n kò gbọ́.

Mo mọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìrántí bàbá rẹ ni. O ti fi sìgá sílẹ̀ láti ìgbà àkọ́rọ̀ òjò, inú mi sì dùn, bí n kò tilẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ará ilé ní ohun tí òkú fẹ́ràn ni à ń gbé sórí sàréè rẹ̀, pé sìgá ni ti bàbá rẹ, àti pé àkọ́bí ni yóò tan án. Sìgá ló ba ẹ̀dọ̀fóró bàbá rẹ jẹ́ tí wọ́n fi kú. Sìgá kan náà ni ẹbí fi ń bu ọlá fún wọn.

O lọ́ra. Mo rí ọ. Bàbá Àjàní, àbúrò bàbá rẹ, ní, "Fà á kó lè ràn dáadáa, àbí ẹ̀rù ìyàwó ń bà ọ́ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. O fà á, o sì gbé e sórí sìmẹ́ǹtì. Kí a tó pín oúnjẹ tán, mo rí èéfín sìgá rẹ lẹ́yìn àká àgbàdo.

O sọ lórí fóònù pé ọkàn rẹ ni kò lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá rẹ fi sìgá sílẹ̀ tí wọ́n sì tún padà sí i. Wọ́n lè wà lóko láti àárọ̀ kí wọ́n má rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹun tán, kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi ọsàn, kí wọ́n fi obì sẹ́nu, ọwọ́ wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá àpò. Ìjókòó yẹn ló ń pè é. Bí wọ́n bá dìde lọ bomi rin ẹ̀fọ́, ìyánhànhàn náà a rọlẹ̀ kí omi garawa tó tán. Bí wọ́n bá jókòó tì í, òun ni yóò borí. Nítorí náà, má jókòó tì í. Dìde, mu omi, bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀. Mọ ibi tí ó ń lúgọ sí dè ọ́, kí o sì gba ọ̀nà mìíràn.

Mo ti sọ fún Bàbá Àjàní pé o kò ní tan sìgá kankan lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ní mo kórìíra òkú ọkọ mi. Mo ní bí ó bá di dandan kí ẹnìkan tan án, èmi ni yóò tan án, nítorí èmi ni mo ń gbé ike itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ bàbá rẹ dà nù nígbà àìsàn wọn.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní èémí tí yóò bá ọ dé ogbó. Kí ọmọ tìrẹ má gbé ike fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Títíladé Akínwándé.

Àfikún: Mo ti ní kí wọ́n la bẹ́ǹṣì abẹ́ igi ọsàn náà. Òun ni mo fi se ẹ̀wà lánàá. Nígbà tí o bá wá, inú ilé ni a ó jókòó.