Irin Tí Mo Ti Pa Tì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Agége

Wàsíù tó ń bá mi ra pààtì mọ́tò ló mú irin tó ń yí ọ́ìlì pọ́ǹpù wá lónìí. Ó ní tòkunbọ̀ gidi ni. Ó ń dán nínú ọ̀rá lóòótọ́.

Bí mo ṣe fẹ́ fi sí ẹ́ńjìnnì mọ́tò oníbúrẹ́dì ni àtàńpàkò mi kan àmì nídìí ẹ̀. Àmì tèmi ni, èyí tí mo máa ń fi fáìlì tí a fi ń há irin fà sára irin tó ti jẹ tán.

Wàsíù ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ tètè fi sí i.”

Mo ní kò wọlé. Tí ọ́ìlì ò bá gòkè, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, èmi ni wọ́n á bú.

Wàsíù náà ló ń bá mi kó pàǹtí irin lọ tà. Àbí àwọn tó ń ra pàǹtí ló tún tà á fún un ni?

Mo jù ú sínú pàǹtí padà. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ sàmì kejì sí i.