Ẹ̀rọ Mahfuz Ò Níí Ṣubú Lójú Mi

Mahfuz, Àjàní mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń rí oorun sùn, ṣé Rachida ìyàwó ẹ ń se oúnjẹ tó lóòótọ́? Ilẹ̀ Abidjan ò níí yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ ò níí bọ́ lọ́wọ́ ẹ, àmín. Àwa náà ń bẹ níbí. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò, mo ti gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀.

Hàbíbà àbúrò ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹ ní Plateau ti Abidjan lọ́hùn-ún dákú lọ́jọ́ Àtàlátà, pé èrò tẹ́nì kan ò mọ̀ ló ya bò ó lẹ́ẹ̀kan náà, pé o tọpa wọn títí dé apá Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó ní ọ̀gá ẹ sọ pé tó bá tún dákú ní Jímọ̀ tó máa parí oṣù, kó o máa lọ sílé. Yàkó, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé ọmọ èmi Kúlísúmù ni wọ́n máa lé? Èmi tí mi ò kọjá kíláàsì mẹ́ta, tí mo ta abọ́ tánńganran títí mo fi kọ́lé, tí gbogbo ọjà Adjamé ń pè ní tàńtí? Kò jọ ọ́!

Iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn yé mi dáadáa. O ní ẹ̀rọ ńlá kan wà lẹ́yìn tó mọ gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ ní èbúté, tìẹ ló dúró níwájú ẹ̀, ohun táwọn èèyàn ń bèèrè jù ló ń fi pa mọ́ sọ́wọ́, kó má baà máa sáré lọ bi ti ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà. Ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn, nígbà tí mo wà ní Abidjan! Adjamé ni iwájú, ẹrù yòókù wà ní màgàsán, ilé ìkẹ́rùsí mi, ní Treichville. Abọ́ tí wọ́n ń rà láràárọ̀, iwájú ni. Èyí tẹ́nì kan ò wò, mo kó o kúrò kó má gbàyè. Táwọn mẹ́wàá bá sì ń bèèrè ọpọ́n kan náà tó ti tán nílẹ̀, alábàárù kan ni mò ń rán lọ, àwọn mẹ́wàá á jókòó dè é. Mo fura pé alábàárù mẹ́wàá lẹ̀rọ tìẹ ń rán. Lọ wò ó. Ìròyìn ọkọ̀ tó ti gúnlẹ̀ lánàá ńkọ́, dà á nù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oníbàárà á bú ẹ. O ní ara ẹ̀rọ náà ń gbóná, mo fi òrí ránṣẹ́, fi pa á lẹ́yìn.

Ọwọ́ tèmi náà ò dilẹ̀. Ọjọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó yà, àfìgbà táwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wá kún ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń ná ohun tí wọn ò níí rà, làwọn oníbàárà Jùlá bá sáré wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ọjà ṣe mọ̀ mí nìyẹn. Mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwọ náà. Lọ́jọ́ Àtàlátà yẹn gan-an, mo kó gbogbo agboolé jọ, àwọn ará mọ́ṣáláṣí, gbogbo àwọn tó ti Abidjan dé, a ṣí ojú ewé yín lórí fóònù, a sì ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá lọ́ra, mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni Àrìmíyàù olórí wa fi ń tẹ̀. Nígbà tó di ìrun Àlàásárì, kò ṣí mọ́, a pàtẹ́wọ́, mo ní ọmọ mi ti tà tán!

Àṣé àwọn ọ̀tá ti gba ẹ̀yìn wa wọlé. Nílùú wa níbí! Mò ń wá wọn, màá rí wọn.

Ní Jímọ̀ yẹn, tá a bá ti kírun tán, ìlọ́po méjì wa ló máa jókòó tì í. Mo ti bá àwọn ará Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀. A máa tẹ̀ ẹ́ débi tí ọ̀tá ò níí ríbi gbà kọjá. Fi owó dátà ránṣẹ́ fún wa, kó o sì fi ti páànù òrùlé kún un. Mùíbì tó ń bọ̀ wá kó ẹrù ní Abidjan ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí dátà tó kù ò gbọ́dọ̀ ṣòfò. Má pè mí lọ́jọ́ náà, gbogbo fóònù ló máa wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bí èrò ṣe wọ́ tọ̀ mí ní Adjamé, Ọlọ́hun á jẹ́ kí wọ́n wọ́ tọ ìwọ náà ní Plateau, wọn ò níí dáwọ́ dúró.

Èmi ni ìyá ẹ tí kò sinmi,
Kúlísúmù Alábọ́