Àmì Ìbéèrè Inú Lẹ́tà Tíṣà

Mọ́ńdè, 4 oṣù Kọkànlá, 2024

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Gidan Igwai, ní Sokoto níbí, tún ti dákú. Ojú ìwé ímeèlì kọ̀, kò ṣí — ó ń yí bí òkòtó. Mo padà sọ́dọ̀ Dúdú, ètò ímeèlì àtijọ́ orí laptop mi: ọ̀rọ̀ lásán lórí ojú dúdú, kò sí àwòrán, kò sí ohun tí èèyàn ń tẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tíńtín ti tó o. Ó gbé lẹ́tà Tíṣà wọlé.

Tíṣà ni bàbá mi. Ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ abẹ ọ̀fun gba ohùn wọn lọ. Kò sí pé à ń pera wa mọ́. Ìka wọn ń gbọ̀n, wọn ò lè tẹ lẹ́tà wẹ́wẹ́ orí fóònù. Kọ̀ǹpútà ńlá tí Ọlábíyìí ẹ̀gbọ́n mi rà fún wọn ni ohùn wọn báyìí.

Mo ṣí i. "Ìdùnnú ?m? mi, ?é o ti j?un?"

Mo ti jẹun, Tíṣà.

Wẹ́sìdeè, 6

Mo fèsì pẹ̀lú gbogbo àmì, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Èsì wọn dé lọ́sàn-án: "Kí ni gbogbo pà?tí yìí?" Bí tiwọn ṣe ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ mi, tèmi náà ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Láti òní lọ, mo ń kọ ọ́ láìsí àmì, láìsí ohunkóhun lábẹ́ lẹ́tà. Ó ń ṣe mí bíi pé mo kí wọn láìkúnlẹ̀.

Tọ́sìdeè, 7

Láti àárọ̀, "sannu" tí àwọn Hausa fi ń kíni àti "sit down, class" nìkan ló jáde lẹ́nu mi.

Sọ́ńdè, 10

Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Táwà, tí a jọ ṣe agùnbánirọ̀ níbí, ti padà sí Ìjẹ̀bú. Èmi ni mo ní mo fẹ́ dúró, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń kọ́ni nílé-ìwé Sama Road. Larai, ìyàwó onílé, gbé kókó àti kósé, ògì àti àkàrà wọn, wá fún mi. Ó bi mí ní nǹkan kan nípa bàbá mi. Hausa mi ò tó láti fi dáhùn. Mo kàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Túsìdeè, 12

Lẹ́tà Tíṣà, ìlà kan péré:

"Mo ? b?? l??d?? r? kí o?ù yìí tó parí."

Mo tò ó pọ̀ fúnra mi. *Mo ń bẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ kí oṣù yìí tó parí.*

Tíṣà ń bẹ̀ mí! Wọ́n fẹ́ kí n wá sílé. Ẹni tí kò bẹ dókítà, tí kò bẹ Ọlọ́run pàápàá lójú wa, ló wá ń bẹ èmi. Ìdánwò sì máa bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ọ̀gá ilé-ìwé ti ní tíṣà kankan ò gbọdọ̀ kúrò nílùú. Mo sunkún. Mo fèsì: "Baba mi, ko le see se losu yii. E ma binu."

Sátidé, 16

Kò sí èsì. Ọyẹ́ ti dé. Erùpẹ̀ lórí ohun gbogbo.

Mọ́ńdè, 18

Mo pe Ọlábíyìí ní Ìlọrin. Ó ní òun dé ilé lópin ọ̀sẹ̀, Bàbá kàn ń jókòó síta ni, wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Kí lo sọ fún wọn?" Mo ní mi ò sọ nǹkan kan.

Wẹ́sìdeè, 20

Mo bínú dojú kọ Dúdú lónìí. Mo wò ó dáadáa: á ń kọjá, ù ń kọjá. Ẹ, ọ, ṣ àti ń nìkan ló ń kú sọ́nà. Àṣé lẹ́tà àwọn ará Yúróòpù nìkan ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó rò pé kò sí òmíràn láyé. Mo yí ètò rẹ̀ sí UTF-8, èyí tó gba lẹ́tà gbogbo èdè. Mo tún un ṣí. Àmì ohùn wá ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀, bíi fìlà tó já bọ́. Mo pààrọ̀ irú lẹ́tà tó ń lò. Ó gún.

Inú mi dùn. Mo ń ka lẹ́tà àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dé orí ìlà kan péré yẹn.

"Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ kí oṣù yìí tó parí."

Bọ̀. Kì í ṣe bẹ̀. Bọ̀.

Bàbá mi ní àwọn ń bọ̀ wá wò mí. Mo ní kò lè ṣeé ṣe.

Mo kọ̀wé kíá, àmì rẹ̀ pé: "Ẹ máa bọ̀, bàbá mi. Mo ṣì yín kà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀."

Fúráìdeè, 22

Ọlábíyìí pè, igbe ló fi bọnu. Bàbá ti ti ilé pa láti àárọ̀ àná. Aládùúgbò rí wọn pẹ̀lú báàgì ní gáréèjì. Ọkọ̀ Sokoto ni wọ́n wọ̀.

Ọ̀nà Zamfara! Bí àwọn ajínigbé bá dá ọkọ̀ dúró, tí wọ́n bi Bàbá léèrè ọ̀rọ̀, kí ni wọ́n máa fi dáhùn? Mi ò lè jókòó. Mi ò lè kọ̀wé.

Sátidé, 23

Àárọ̀ kùtù ni mo ti lọ sí gáréèjì. Ọkọ̀ ń dé, èèyàn ń sọ̀, kò sí Tíṣà. Nígbà tí oòrùn mú, fóònù dún. Larai ni. "Malama, ga babanki!" Bàbá mi rè é, ló ń wí! Mi ò mọ bí mo ṣe délé.

Wọ́n jókòó lórí àpótí Larai, erùpẹ̀ ti sọ irùngbọ̀n wọn di pupa, wọ́n ń fi ṣíbí mu kókó díẹ̀díẹ̀. Àdírẹ́sì mi wà nínú ìwé lọ́wọ́ wọn. Larai ń bá wọn sọ Hausa lọ ràì, wọ́n ń mi orí sí i bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí lẹ́tà mi ti Wẹ́sìdeè. Wọ́n mi orí pé rárá. Èyí tó ṣáájú ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n rí i. "Ẹ sì tún wá, Bàbá?"

Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdírẹ́sì yẹn: "'Ko le' lo kọ. Kò sí àmì lórí rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi wò ó, kí n tó fi àmì tó wù mí sí i: *Kò le.* Kò nira."

Èjìká wọn ń mì. Ẹ̀rín nìyẹn, láìsí ohùn.

Wọ́n ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Èémí wọn ń súfèé jẹ́ẹ́jẹ́ láti ihò ọ̀fun. Báàgì wọn tóbi ju ti ẹni tó kàn wá kí èèyàn lọ. Mi ò tíì bi wọ́n. Mo fẹ́ lọ ra ẹní kí ọjà tó tú.