Ohun Tí Mo Yọ Nínú Sípíkà Yín

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, mo sì ti ti ilẹ̀kùn. Àtìgbà tí a ti sin yín ni mo ti ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ibi tí mo bá fẹ́ gbé e gbà, ojú ń tì mí.

Ọ̀rọ̀ àwọn sípíkà yín ni.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí a lọ rà wọ́n ní Èkó? Tòkunbọ̀ ni, àwọn gíga tó ń dá dúró sílẹ̀ fúnra wọn, pákó wọn sì pọ́n bí obì tí ẹ ń tà. Ẹ bá dírẹ́bà jà títí a fi dé Ṣàgámù, nítorí pé ó ń sáré wọ kòtò. Nígbà tí a délé, ohùn wọn ṣú, kò là. Mo tú ẹ̀yìn wọn wò. Wúfà tó ń gbé ohùn ńlá jáde wà dáadáa, tuwítà tó ń gbé ohùn tín-ín-rín náà wà dáadáa. Pátákó kékeré tó ń pín ohùn fún àwọn méjèèjì, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní kírọsófà, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn kàpásítọ̀ orí rẹ̀, tó ń sẹ́ ohùn tín-ín-rín sí tuwítà, ti gbó. Ẹ ní kí n wá èyí tó dára jù lọ, mo sì ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Lọ́jọ́ tí mo fi lẹ́ẹ̀dì jó àwọn tuntun mọ́ ọn, ẹ gbé àwo àpàlà àtijọ́ kan sí i. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ẹ dìde dúró.

“Gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn! Àfi bíi pé ẹni tó ń lù ú wà lẹ́yìn kọ́tìnì.”

Ẹ pe Màámi láti ilé ìdáná wá gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ti kírun Àsárì tán, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó síwájú rẹ̀. Inú yín ò dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Ògijo gbé irú sípíkà yín gan-an wá bá mi. Ohun kan náà ló ṣe é. Ó ní àwọn àlejò òun ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, kí n bá òun ṣe é kí wọ́n tó dé. Mo mọ̀ pé ọjà òkè òkun kò lè tètè dé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó máa dárúkọ mi láàárín àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti sú mi kí wọ́n máa pè mí ní ọmọ tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì.

Ẹ ti lọ sí Sábó láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ lọ bá àwọn oníbàárà yín. Mo wọ pálọ̀ yín, mo tú ẹ̀yìn sípíkà, mo yọ àwọn kàpásítọ̀ náà, kí n lè jó wọn mọ́ ti ọ̀gá náà. Mo fi àwọn kan tí mo já lára ẹ̀rọ tó ti kú rọ́pò wọn. Mo sọ fún ara mi pé láàárín oṣù kan màá ti ra òmíràn síbẹ̀. Mo tún sọ fún ara mi pé ẹ ti dàgbà, ẹ ò ní mọ̀.

Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ gbé àwo sí i, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ tẹ́tí, ẹ wá yíjú sí mi.

“Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn dà?”

“Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ni ẹ ò gbọ́ ọ.”

Ẹ ò bá mi jiyàn. Ẹ gbà mí gbọ́, nítorí pé èmi ni mo mọ iṣẹ́ náà. Ẹ fi ìka ro etí yín, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ ní ogbó ti dé.

Mo fi máṣíìnì gbé yín lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ etí yín wò, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó ju ti ọjọ́ orí lọ. Nígbà tí à ń bọ̀, ẹ ń pariwo sí mi láti ẹ̀yìn: “Ọmọdé ni dókítà yẹn! Ṣé òun ló máa sọ ohun tí mi ò gbọ́ mọ́ fún mi?” Mo lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́jọ́ náà kí n jẹ́wọ́. Ńṣe ni mo tẹ iná sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò lọ sọ́jà mọ́. Ẹ̀rù ń bà yín pé ẹ lè ṣi ọ̀rọ̀ oníbàárà gbọ́, kó wá dìjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣa obì láti kékeré, ẹ gbé ṣọ́ọ̀bù lé àbúrò yín lọ́wọ́. Ẹ fi aṣọ bo sípíkà méjèèjì. Mò ń wò yín. Bí mo bá tún un ṣe, tí etí yín sì là lójijì, kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo ṣe ń sún un síwájú nìyẹn, títí di àárọ̀ tí ẹ kírun àsùbá tán tí ẹ ò dìde mọ́.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, àbúrò yín dìde láàárín èrò. Wọ́n nawọ́ sí mi. “Ẹ wo ọmọ tó gbé bàbá rẹ̀ kiri nítorí etí. Irú rẹ̀ ni kí Ọlọ́run fún gbogbo wa.” Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, Bàbá.

Mo lọ sí Ògijo láti gba àwọn kàpásítọ̀ yín padà. Iléeṣẹ́ ọ̀gá náà ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn, òun àti ẹrù rẹ̀. Mo bá ránṣẹ́ ra òmíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n dé, mo jó wọn mọ́ ọn, mo gbé àwo sí i. Màámi wọlé wá, wọ́n jókòó.

“Bàbá rẹ ì bá gbọ́ èyí,” ni wọ́n wí.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n pa àwo náà.

“Ó máa ń ní kí n sọ̀rọ̀ sókè. Kò sì sígbà tí kò gbọ́ mi. Á tún ọ̀rọ̀ tí mo sọ sọ, á wá bi mí bóyá ohun tí mo wí nìyẹn.” Wọ́n fi etí ìró nu ojú. “Dìde. Lọ sọ ọ́ níwájú àwọn tó ṣe àmín.”

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo sọ ọ́ fún àbúrò yín àti àwọn tó dúró tì wọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àbúrò yín bi mí: “Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílé bẹ́ẹ̀, tí etí wọn sì pé?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n lọ. Láti ìgbà náà, wọn ò gbé fóònù mi.

Àbí ẹ ti fura, tí ẹ kàn ń bò mí láṣìírí? Àbí ẹ ò mọ̀ rárá? Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Mi ò kọ ọ́ torí kí ẹ lè dárí jì mí. Mo kọ ọ́ nítorí pé ẹ lọ pẹ̀lú irọ́ mi lọ́kàn yín. Kò sí ohun tó ṣe etí yín, Bàbá. Dáadáa lẹ gbọ́ ọ. Èmi ni mo parọ́.

Ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín, tí kò lè wo àwòrán yín lójú.