Ìwé Kan Tí Ẹ̀rọ Kò Rí

Bàbá mi, Alata, bí àwọn ará Accra ṣe ń pe àwa Yorùbá, oníbíréèkì ọjà Abossey Okai,

Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ẹ máa ń rí i lójú mi kí n tó jókòó.

Títí ẹ fi papò dà, ohun tí ẹ ń sọ fáwọn ará ṣọ́ọ̀bù ni pé ọmọ yín ń bá àwọn dókítà wá ìwé. Òótọ́ náà ni. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ìtọ́jú tó dára jù fún àìsàn kan, èmi ni mò ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó fi wá gbogbo ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ lágbàáyé, kí ọ̀kan má bàa bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń gbà mí tó ọ̀sẹ̀ méjì. Báyìí, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń dá ọ̀rọ̀ kọ ló ń kọ ọ́ kí n tó mu tíì kan tán.

Ti egbò ẹsẹ̀ àwọn oní-ìtọ̀ ṣúgà ló wà lọ́wọ́ wa. Ẹ mọ ìdí tí mo fi nawọ́ gbà á.

Àṣà iṣẹ́ wa ni pé ká mú ìwé mélòó kan tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ká wò ó bóyá wọ́n á jáde nínú ohun tí ọ̀rọ̀ ìwákiri náà kó wá. Mi ò ṣe é. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èmi ni mo kánjú, mo fọwọ́ sí ohun tí ẹ̀rọ kọ. Ó ti pé oṣù méjì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì ti ń ka ohun tó kó wá. Lánàá ni mo wá ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì Accra kọ lórí bí a ṣe ń tọ́jú egbò nílé, èyí tí mo kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn dókítà nìkan ni ẹ̀rọ fi wá a, bẹ́ẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kọ tiwọn bí aláìsàn ṣe ń sọ ọ́. Mélòó ló tún bá a lọ?

Bí mo bá dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Àwọn dókítà á kàn gbà pé kò sẹ́ni tó ṣèwádìí ìtọ́jú ilé rí, wọ́n á sì máa gé ẹsẹ̀ lọ.

Mo wá rántí awakọ̀ tí ẹ ṣèèṣì ta páàdì bíréèkì tí kì í ṣe ti ọkọ̀ rẹ̀ fún. Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ẹ wọ trotro, ọkọ̀ èrò, lọ sí Tudu, ẹ ń sáré káàkiri ibùdókọ̀ títí ẹ fi bá a kí ọkọ̀ rẹ̀ tó kún. Ọjọ́ náà ni irin gún yín la bàtà kọjá. Ìtọ̀ ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ yín kú, ẹ ò mọ̀ ọ́n lára àfìgbà tí ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ẹ fẹ́ ká a méjì sínú bàtà bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọdún púpọ̀ ni mo fi bínú sí yín. Ṣé kò sẹ́ni tí ẹ lè rán ni? Ṣé ẹ rántí ọkùnrin náà lọ́jọ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ yín nítorí egbò náà?

Láàárọ̀ yìí, mo lọ bá ọ̀gá wa obìnrin, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n di orí mú, wọn ò bá mi wí. A máa tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwákiri lọ́jọ́ Ajé, oṣù méjì àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ti ṣòfò.

Èmi náà ti lọ sí Tudu tèmi báyìí, Bàbá mi. Mi ò bínú sí yín mọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí ìbọ̀sẹ̀ yín ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, ní kíká méjì.